Ojú Ìwé Kẹrin Tí Ìyá Dúró Tì Pa

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbáko ni Ìyá Dúró fi ṣe wọ́dà ní oríta tí ọ̀nà ọjà, ọ̀nà ilé ìwòsàn, ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ àti ọ̀nà ibùdó ọkọ̀ ti pàdé. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń dá ọkọ̀ dúró, ọwọ́ òsì ló fi ń pe òmíràn, ẹnu ló sì fi ń ṣe gbogbo ìyókù. "Dúró!" ni ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀, ìyẹn ni orúkọ tí òbí sọ ọ́ ṣe wọmi, tí gbogbo èèyàn ń pè é ní Ìyá Dúró, títí kan ọkọ tó gbé e níyàwó. Ẹ má fojú kékeré wo iṣẹ́ yẹn o. Obìnrin kúkúrú tí kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju táyà ọkọ̀ akẹ́rù lọ, tó ń fi ìka kan ṣoṣo dá ọkọ̀ tó kó símẹ́ǹtì dúró! Awakọ̀ tó bá ta kò ó, Ìyá Dúró á kọ́kọ́ bú u dáadáa, á wá béèrè àlàáfíà ìyàwó rẹ̀, á tún bú u díẹ̀ sí i kó tó ní kó máa lọ.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ilé sú u kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í darí adìẹ aládùúgbò. Ó ń sọ ìgbà tó yẹ kí ọkọ rẹ̀ wọ ilé ìwẹ̀ àti ìgbà tó yẹ kó jáde. Ọkọ rẹ̀ ti fi ìgbà kan rí ṣiṣẹ́ ìwé títẹ̀, ẹni jẹ́jẹ́ ni, kì í bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Òun ló la ẹnu lọ́jọ́ kan tó ní, "Ìyá Dúró, ṣé o ò kúkú ní padà sílé ẹ̀kọ́ báyìí?" Àwàdà ni bàbá ń ṣe. Ìyá Dúró kò gbọ́ ọ bí àwàdà. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé máa fi mọ́, ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà pẹ̀lú àpò ìwé, ìgò omi àti pẹ́ńsùlù mẹ́fà tó ti gbẹ́ ṣóńṣó.

Ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ ẹ́ nínú tipẹ́ ni. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ já mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kàwé yó, tí wọ́n bá sì kóra jọ sí pálọ̀ tí ọ̀rọ̀ ìwé délẹ̀, tí ìyá wọn bá ti fẹ́ dá sí i, èyí àbígbẹ̀yìn á ní, "Màámi, ẹ má da ara yín láàmú." Ìfẹ́ ló fi ń sọ ọ́ o. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà máa ń dun ìyá rẹ̀ dé eegun. Ohun tí Ìyá Dúró ń wá kò ju pé kó ṣe ìdánwò àṣejáde yẹn, kó gba ìwé ẹ̀rí, kó sì lè la ẹnu ní pálọ̀ ara rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ náà kì í sì í fi orúkọ ẹni tó bá ti pé ọgọ́ta ọdún ránṣẹ́ fún ìdánwò. Oṣù márùn-ún péré ló kù kí obìnrin yìí pé ọgọ́ta. Bí ọdún yìí bá fi lè kọjá, ó parí nìyẹn.

Ìṣirò kò dà á láàmú. Àwòrán ilẹ̀ ayé kò tiẹ̀ tó nǹkan, ó ní gbogbo rẹ̀ kò kọjá ọ̀nà àti ibi tó já sí. Ìwé eré ló dá a dúró.

Eré àtijọ́ kan ni wọ́n yàn fún wọn, eré olókìkí tó ti ń pa àwọn èèyàn lẹ́kún láti ayébáyé. Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀: ọkùnrin kan tó wọ aṣọ dúdú jáde sórí ìtàgé ní òun nìkan, olùkéde ni wọ́n pè é. Ó ní ilé ńlá méjì wà ní ìlú kan, ìjà wọn ti pẹ́ débi pé kò sẹ́ni tó rántí ohun tó dá a sílẹ̀ mọ́. Ilé kìíní bí ọmọkùnrin, ilé kejì bí ọmọbìnrin. Àwọn ọmọ méjèèjì máa fẹ́ràn ara wọn, ó ní kí wọ́n tó paná eré náà, àwọn méjèèjì á ti kú. Ó tẹríba, ó wọlé lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìránṣẹ́ kan láti ilé kọ̀ọ̀kan gbé ìkòkò omi pàdé ara wọn ní ọ̀nà tóóró, tí kò sẹ́ni tó fẹ́ yà fún ẹnì kejì. Ó di ìjà, ìkòkò fọ́, àwọn àgbà jáde, wọ́n là wọ́n. Ibẹ̀ ni ojú ìwé kẹrin parí sí. Ní ojú ìwé karùn-ún ni ọmọkùnrin náà máa wọlé.

Tíṣà wọn jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ṣòkòtò rẹ̀ kì í dé kókósẹ̀. Àbígbẹ̀yìn Ìyá Dúró jù ú lọ. Nítorí ìyẹn, ó ń fi "ẹ" bá Ìyá Dúró sọ̀rọ̀ torí pé ó dàgbà, Ìyá Dúró náà ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ torí pé tíṣà ni, kò sẹ́ni tó gbà fún ẹnì kejì. Bí tíṣà ṣe ka ìbẹ̀rẹ̀ eré náà sí wọn létí tán, Ìyá Dúró na ọwọ́ sókè.

"Tíṣà, ẹ dúró ná. Ta ló sọ fún un?"

"Ta ló sọ kí ni fún ta ni, Màmá?"

"Ọkùnrin aláṣọ dúdú yẹn. Ta ló sọ fún un pé àwọn ọmọ náà máa kú?"

"Olùkéde ni, Màmá. Ó mọ gbogbo ìtàn náà látòkè délẹ̀."

"Ó mọ̀ ọ́n. Kí ló wá ṣe sí i?"

Tíṣà wo ìwé rẹ̀. "Ó... ó tẹríba, ó wọlé lọ."

"Ó wọlé lọ!" Ìyá Dúró yíjú sí àwọn tó kù, agẹrun kan, onídìrí kan, àwọn mẹkáníìkì méjì àti ìyá kan tó ń se oúnjẹ nílé ìwòsàn. "Ẹ gbọ́ mi bí? Ó mọ̀ pé ìjàǹbá ń bọ̀, ó kéde rẹ̀ fáyé gbọ́, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Níbi iṣẹ́ tiwa, wọn ò ní jẹ́ kó parí oṣù yẹn kí wọ́n tó lé e!"

Ẹ̀rín pa agẹrun débi pé ó fi orí gbá tábìlì. Tíṣà ní kí wọ́n lọ kọ àròkọ ojú ìwé méjì lórí ìjà àwọn ìránṣẹ́ náà wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Ìyá Dúró ṣe kọ àròkọ tirẹ̀. Níbi iṣẹ́ wọ́dà, ẹnikẹ́ni kì í jókòó sójú kan kọ̀wé nípa ìjàǹbá. Ojú ibẹ̀ lèèyàn ń lọ, á wọn ọ̀nà, á tún nǹkan ṣe bó ṣe ṣẹlẹ̀, á wá mọ ẹni tó ni ọ̀nà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn tóóró, ó dára fún un. Ó pe ọkọ rẹ̀, ó sì pe télọ̀ tó háyà yàrá iwájú, ọkùnrin kan tó máa ń fi abẹ́rẹ́ há ètè sọ̀rọ̀. Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi lé ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́.

"Bàbá wọn, ilé kìíní lẹ ti ń bọ̀. Télọ̀, ilé kejì ni tìrẹ. Ẹ máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀, kí n rí i."

Wọ́n pàdé láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Dúró fi téèpù télọ̀ wọn àyè tó wà láàárín wọn, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ó yá, ta ló máa yà?"

"Àgbà ni mí," ni bàbá wí.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ dé àárín," ni télọ̀ wí, abẹ́rẹ́ ń gbọ̀n lẹ́nu rẹ̀.

"Bọ́kẹ́ẹ̀tì tèmi ló kún jù."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ bù ú kún?"

Ẹni jẹ́jẹ́ mà ni mo pe bàbá yìí lẹ́ẹ̀kan! Bóyá ohun tó ti ń gbé mì láti ọgbọ̀n ọdún ló ru sókè lọ́jọ́ náà, mi ò mọ̀. Ó rankú mọ́ ilẹ̀, ó ní, "Mi ò yà! Nínú ilé mi!" Télọ̀ ní, "Ilé yín ni, ọ̀nà gbogbo wa ni!" Ó wá di bó ò lọ o yà fún mi. Àyà kan àyà, bọ́kẹ́ẹ̀tì kan bọ́kẹ́ẹ̀tì, omi ya sílẹ̀, abẹ́rẹ́ méjì sọnù, Ìyá Dúró sì wà lórí àpótí, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé, "Ìkòkò kìíní fọ́ ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá." Ọjọ́ méjì gbáko ni àwọn ọkùnrin náà kò fi kí ara wọn. Ṣòkòtò bàbá méjèèjì sì wà lọ́wọ́ télọ̀, ìró ìyàwó rẹ̀ ló ró káàkiri ilé.

Ohun tí Ìyá Dúró mú lọ fún tíṣà kì í ṣe àròkọ. Ìwé ìròyìn ìjàǹbá ni. Ó kọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀: ọ̀nà tóóró. Ojú ọjọ́: kò sí nínú ìwé. Ohun tó forí gbára: ìkòkò omi méjì. Ó yàwòrán ọ̀nà náà, ó fi ọfà dúdú àti ọfà pupa sí i. Nísàlẹ̀ ló kọ ìdájọ́ sí: "Ẹni tí ẹrù rẹ̀ wúwo jù ló ni ọ̀nà. Kò sí wọ́dà níbẹ̀. Ìtìjú ni fún ìlú náà." Tíṣà fún un ní máàkì méjì nínú ogún, ó ní torí pé ó fi rúlà fa ìlà ni.

Ìyẹn ṣì kéré. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí kíláàsì ṣí ojú ìwé karùn-ún. Gbogbo wọn ṣí i, Ìyá Dúró kò ṣí i. Wọ́n dé ogún, wọ́n dé ogójì, òun wà ní mẹ́rin. Ó fi rọ́bà méjì de gbogbo ìyókù ìwé náà pọ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà ṣèèṣì ṣí i. Tí wọ́n bá ń kà á sókè, á ki ìka bọ etí, á máa wo òrùlé. Lọ́jọ́ kan onídìrí ní kí òun ràn án lọ́wọ́, ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ mọ̀ pé ọmọbìnrin náà ti—"

"DÚRÓ!"

Onídìrí dúró. Tíṣà tó ń kọ nǹkan sójú pátákó dúró. Níta, awakọ̀ tó ń kọjá lọ tẹ bíréèkì, ó sì ń wò yíká láti mọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀.

Nígbà tí kíláàsì tú, tíṣà jókòó tì í. "Màmá, eré lásán ni o."

"Mo mọ̀ pé eré ni. Ṣé orí mi dàrú ni?"

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ò kà á?"

"Mo ti ọ̀nà náà pa ni."

"Ẹ ti ọ̀nà pa." Tíṣà fọwọ́ nu ojú. "Títí dìgbà wo?"

"Títí wọ́n á fi rí nǹkan ṣe sí i."

"Àwọn wo?"

 Ìyá Dúró kó ìwé rẹ̀, ó lọ sílé.

Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n kéde pé alábẹ̀wò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Yóò pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò bi wọ́n nípa ìbẹ̀rẹ̀ eré náà, ẹni tí kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, orúkọ rẹ̀ kò ní lọ fún ìdánwò. Tíṣà kò lè jẹun. Bàbá náà, tí òun àti télọ̀ ti parí ìjà, tó sì ti gba ṣòkòtò rẹ̀ padà, bẹ̀bẹ̀ títí. "Ìyá Dúró, ka ojú ìwé kan péré sí i, nítorí tèmi." Láàárọ̀ Sátidé, Ìyá Dúró gbé ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì. Ó yọ rọ́bà kìíní. Ó mu tíì díẹ̀. Ó dá rọ́bà náà padà síbi tó wà.

Alábẹ̀wò jẹ́ obìnrin ńlá kan tó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, ìgò ojú rẹ̀ wà ní ṣóńṣó imú. Bàtà ń fún un, ó ti bọ́ ọ sábẹ́ tábìlì. Agẹrun ló kọ́kọ́ wọlé, ó jáde bí ẹni tí wọ́n da omi lé lórí, ó ní òun gbàgbé orúkọ ara òun. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n pe Ìyá Dúró.

"Ẹ jókòó, Màmá. Ojú ìwé mélòó lẹ ti kà?"

"Mẹ́rin, mà."

"Mẹ́rin nínú àádọ́rùn-ún?"

"Mo kà á dáadáa, mà."

Tíṣà wà lẹ́yìn alábẹ̀wò, ó ń juwọ́ sókè, ó ń jù ú sísàlẹ̀, ó ń ṣe é yípo. Ìyá Dúró wò ó. "Tíṣà, ọwọ́ yẹn kò sí nínú àmì wa. Tẹ́ ẹ bá ṣe é lójú títì, ẹ máa pa èèyàn." Tíṣà ki ọwọ́ bọ àpò.

"Ó dáa," ni alábẹ̀wò wí. "Olùkéde sọ òpin eré fún wa kó tó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ wo lẹ rò pé ó fi ìyẹn ṣe?"

"Ìkìlọ̀ ni, mà. Tí a bá gbé pátákó sójú ọ̀nà pé afárá ti já níwájú, kì í ṣe pé a fẹ́ kí awakọ̀ mọ bí ìrìn àjò rẹ̀ á ṣe parí. A fẹ́ kó dúró ni."

Alábẹ̀wò ti ìgò ojú rẹ̀ sókè. "Bó bá rí bẹ́ẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ náà bá kú, ta ló jẹ̀bi? Àwọn ìránṣẹ́ tó jà ni?"

"Rárá o. Àwọn yẹn kàn fọ́ ìkòkò ni, mo ti kọ ìròyìn wọn. Àwa la jẹ̀bi, mà. Ọkùnrin yẹn dúró níwájú gbogbo wa, ó ní ọmọ méjì máa kú. Kí la ṣe? A fa àga wa súnwájú ká lè ríran dáadáa. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ó wọ́ lójú wa, a jókòó tì í, a ń wòran."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lójú fèrèsé, agẹrun ni. Alábẹ̀wò kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé bírò sílẹ̀.

"Màmá, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò ṣí ojú ìwé karùn-ún?"

Ìyá Dúró sún mọ́ tábìlì. Ohùn rẹ̀ kò dé fèrèsé.

"Ọjọ́rú kan ni, mà. Oòrùn mú. Mo ní kí n sáré lọ mu omi lódìkejì títì, kò tó ìṣẹ́jú méjì. Ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan ń bọ̀ lórí alùpùpù, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo rí wọn pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kí n tó gbé ife kúrò lẹ́nu..." Kò parí rẹ̀. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi dúró síbẹ̀. Kò sí àárọ̀ ọjọ́ kan tí olùkéde wá bá mi. Ká ní ó wá ni, ǹ bá jẹ́ kí òùngbẹ pa mí síbẹ̀. Àwọn tiyín yìí, wọ́n sọ fún yín, ẹ sì ń béèrè iṣẹ́ tó fi ṣe."

 Alábẹ̀wò yọ ìgò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó nù ún títí kò fi sí ohun tó kù lára rẹ̀ láti nù.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá," ó wí. "Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an ni." Lẹ́yìn náà ló ní, "Òótọ́ ni pé ẹ ò jẹ́ kí àwọn ọmọ inú ìwé yìí kú. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì jẹ́ kí wọ́n wọlé náà. Ó ti lé ní oṣù kan tí ọmọkùnrin yẹn ti dúró lẹ́yìn aṣọ ìtàgé. Kò tíì rí ọmọbìnrin náà sójú. Kò tíì rẹ́rìn-ín kankan. Àwọn tó wà lórí alùpùpù yẹn rẹ́rìn-ín ná, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́."

Alábẹ̀wò nawọ́ sí ìwé náà.

"Ẹ ka ojú ìwé karùn-ún sí mi létí. Tẹ́ ẹ bá kà á, màá kọ orúkọ yín. Tẹ́ ẹ ò bá kà á, mi ò lè kọ ọ́, òfin kò gbà mí láyè."

Ìyá Dúró gbé ìwé náà lé itan. Ó fa rọ́bà kìíní, ó ta fíì, ó ba tíṣà níwájú orí. Ó rọra yọ ìkejì. Ó fi ọwọ́ tó ń dá ọkọ̀ símẹ́ǹtì dúró di etí bébà mú. Ó ṣí i.

Ó kà á pé ọmọkùnrin náà wọlé láti apá òsì, ó gbé bàtà rẹ̀ méjèèjì lọ́wọ́ kí bàbá rẹ̀ má baà gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń rọra kọ orin kan lábẹ́nu. Ìyá Dúró dúró níbẹ̀. Omi lé ròrò sí i lójú.

"Káàbọ̀, ọmọ mi," ó wí fún ìwé náà. "Rọra o."

Alábẹ̀wò mú bírò, ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá Dúró kò tiẹ̀ wo ibẹ̀. Ó ti ṣí ojú ìwé kẹfà, ọmọbìnrin náà ń bọ̀.